Ilẹ̀kùn Tí Ọkọ Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kàn

Nígbà tí a kó wọ ilé wa ní Òmù-Àrán, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àrán-Ọ̀rin, ilé náà kò ní ilẹ̀kùn iwájú. Fèrèsé wà. Páànù wà lórí. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, iná sì ń wá nígbà tó bá wu àwọn tó ń mú un wá. Ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan ló ṣí sílẹ̀ gbàgà bí ẹnu ẹni tó ń yán. Ọkọ mi wá fi pákó àti páànù àlòkù kan dí i, ó kàn án mọ́ ògiri, ó ní kí n fara dà á fún ìgbà díẹ̀.

"Ìgbà díẹ̀ wo, Bàbá wọn?"

"Kí ọyẹ́ tó dé."

Ọyẹ́ dé, ó mú wa létè, ó sì lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Páànù ṣì wà níbẹ̀, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, a máa dún bí ẹni tó ń bú mi.

Kì í ṣe pé ọkọ mi kò mọ iṣẹ́. Olùkọ́ iṣẹ́ igi ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di káfíńtà ńlá káàkiri. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ igi ni, ǹ bá ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn. Bíríkìlà tó kọ́ ilé náà ti bá mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ ra ilẹ̀kùn onírin yẹn, èyí tó ń ti Ṣáínà wá. Ọ̀sán kan la ó fi gbé e sí i." Irú rẹ̀ ló wà ní gbogbo ilé àdúgbò wa. Mo mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jí ewúrẹ́.

"Èmi? Èmi tí mo fi igi tọ́ ọmọ, kí n lọ ra ilẹ̀kùn tó ń dún bí agolo mílíìkì?"

Ó dára. Mo gbà pé kó fi igi ṣe é. Ẹ̀yìn náà ló wá sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní igi nìkan kò tó. Ó fẹ́ kí àárín ilẹ̀kùn náà jẹ́ gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí a fi òjé so pọ̀ mọ́ra wọn, irú èyí tó máa ń wà lójú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ, lọ́wọ́ obìnrin òyìnbó arúgbó kan tó máa ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ nínú fídíò. Ohùn obìnrin náà ni mo ń gbọ́ láàárọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn ọkọ mi. Bí mo bá ní kó bá mi gbé omi, á ní, "Dúró ná, ó fẹ́ gé e."

Igi àpá ló ní òun fẹ́, nítorí pé ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ìjì wó igi àpá kan nínú oko ìdílé kan ní Agbamu, ó gbọ́, ó sì lọ. Ó mú agégi kan tó ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dání, wọ́n là á sí pákó níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀ níwájú ilé wa, pákó náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń sun omi. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo sì nu ọwọ́ sára aṣọ mi.

"Ṣé èyí kò níí gbẹ kí ẹ tó fi ṣe nǹkan ni?"

"Yóò gbẹ. Kò gbọdọ̀ yá jù ni. Bó bá yá jù, á wọ́."

"Ibo ló máa gbẹ sí?"

Ó ń wo pálọ̀ wa.

Bí a ṣe kó àga pálọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Pákó gba àárín ilé. Ó tò wọ́n léra, ó fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń yí wọn padà bí ẹni tó ń yí aláìsàn lórí ibùsùn. Òórùn igi náà wọ aṣọ, ó wọ ìrẹsì. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ bi mí bóyá mo ń gbé ní ilé pákó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń gba àlejò, orúnkún olúwa wọn ń kan ògiri, wọ́n á sì na ọrùn wo pálọ̀ bí ẹni tó wá kí òkú.

Ilé ìdáná ni gbogbo ayé ń gbà wọlé. Nítorí èyí, ilẹ̀kùn ilé ìdáná kì í tì lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, mo kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wálé láti máàkì rẹ̀. Mo gbé e ka orí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ wẹ ẹsẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ewúrẹ́ aládùúgbò ti dúró síbẹ̀, ó fara balẹ̀, ó ń jẹ ìṣirò. Mo pariwo. Ó fà á ya, ó gba ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ìdajì ìwé lẹ́nu. Ọkọ mi jókòó sínú pálọ̀, ó ń yí pákó.

"Ẹ ò rí ewúrẹ́ tó wọlé?"

"Mo rí i. Mo rò pé o mọ̀."

Mo ní láti jẹ́ kí àwọn ọmọ kan tún ìdánwò ṣe. Kí ni kí n sọ fún hẹdimásítà?

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Èsìẹ́, wá kí wa ni mo rò pé Ọlọ́run gbọ́ igbe mi. Ìyá náà kì í gba ìgbàkugbà. Ẹnu rẹ̀ mú, bó bá sì fẹ́ báni wí, kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ó dé iwájú ilé, ó rí páànù, ó dúró.

"Ìyàwó wa, ibo ni kí n gbà?"

"Ẹ dákun, ilé ìdáná ni, mà."

Ó gba abẹ́ okùn ìsáṣọ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fo igi ìdáná, adìẹ fò lù ú. Inú mi ń dùn. Mo ní lónìí ni ọkọ mi yóò gbọ́ ọ. Ó wọ pálọ̀, ó rí pákó tó ga dé àyà rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó gbé imú sí i.

"Àpá," ni ó wí. "Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó ní sùúrù igi." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, ìwọ náà, ṣe sùúrù. Àwọn ọkọ mìíràn, ọtí ni wọ́n ń mu."

Mo lọ gbé omi ẹ̀bà ka iná.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí pákó gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán. Ó tẹ́ ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ sórí tábìlì tí a fi ń jẹun, láti etí dé etí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àwo lé e. Àwòrán òkè ló kọ́kọ́ yà, ó pa á rẹ́. Ó ya oòrùn, ó ní ó dà bí ẹyin díndín. Níkẹyìn ó mú igi irúgbá, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, tó pọ̀ nínú oko ní gbogbo agbègbè wa. Bó bá ti tanná, òdòdó rẹ̀ a máa rọ̀ roboto, pupa fòò, bí bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan so kọ́. Mo gbà pé èrò náà dára. Kò béèrè lọ́wọ́ mi.

Ó ránṣẹ́ ra gíláàsì ní Ìbàdàn: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ oyin, àti pupa fún òdòdó. Wọ́n dì í sínú páálí, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ohun tó ń fọ́ ni, wọ́n fi ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Mo tẹ̀lé e lọ gbà á ní gáréèjì Òmù-Àrán. Àpò sìmẹ́ńtì la bá lórí rẹ̀.

"Ẹ ò kà á ni?" Ohùn mi ni mo gbọ́ yẹn.

Awakọ̀ náà ń jẹ ẹ̀pà. "Màámi, èmi ò di ẹrù. Wọ́n dì í kí n tó dé ni."

Bí ọkọ mi ṣe gbé páálí náà, ó ń dún ṣaworo bí ìlẹ̀kẹ̀. Jálẹ̀ ọ̀nà, mo ń tò ó lọ́kàn mi bí n ó ṣe bá a kẹ́dùn. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ó ti parí nìyí, a ó lọ ra ti Ṣáínà. Nígbà tí a délé, ó ṣí i, ó mú àfọ́kù kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ni ó bá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn, ṣebí mo fẹ́ fọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n ti bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ọkùnrin tí ìparun ń dùn mọ́, báwo lo ṣe fẹ́ dá a lẹ́kun? Àmọ́ pupa ti lọ ráúráú. Òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti di iyanrìn. Ó pe ẹni tó tà á fún un, wọ́n ní pupa ti tán, kí ó ní sùúrù. Ó ní kò sí wàhálà, àwọ̀ oyin ni òun yóò fi ṣe òdòdó. Mo sọ fún un pé kò sí igi irúgbá tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ oyin ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó ní ẹni tó bá mọ igi yóò dá a mọ̀.

Láàárín èyí ni ọmọ wa obìnrin pè mí láti Ìlọrin níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn òbí ọmọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá mọ̀ wá lẹ́yìn ọdún Iléyá. Mo fò sókè fún ayọ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí páànù, ayọ̀ náà sì bọ́ sílẹ̀.

"Màámi," ọmọ mi ní, "ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Mo gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.

"Yóò ti dúró," ni ó wí. "Sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀."

Ó wá ku òjé. Ó fẹ́ tú òjé inú bátìrì ọkọ̀, mo ní bó bá gbé bátìrì wọ ọgbà wa, èmi yóò gbé ẹrù mi jáde. Ó gbà, ó lọ ṣa òjé kéékèèké tí àwọn fọkanáísà ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò. Ó gbẹ́ igi tí yóò da òjé náà sí kó lè jáde ní gbọọrọ. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà láìfura. Nígbà tí mo dé, iná ń jó lẹ́yìnkùlé, ọkọ mi fi aṣọ di imú, ó ń yọ́ òjé nínú ìkòkò irin ìyá mi.

Mo ní láti sọ ti ìkòkò náà. Ọmọ Òmùpo ni mí, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi. Ìkòkò irin dúdú yẹn ni ìyá mi fi ń se ẹran Iléyá fún gbogbo agbo ilé wa, òun náà ló gbé fún mi kó tó kú, èmi nìkan láàárín gbogbo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Òjé sì nìyí: májèlé ni. Ìkòkò tí òjé bá ti yọ́ sí, a kò gbọdọ̀ se oúnjẹ nínú rẹ̀ mọ́ títí ayé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí a jiyàn lórí bátìrì.

"Bàbá wọn, ìkòkò wo nìyí?"

Ó wò ó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Òun ló nípọn tó," ni ó wí.

N kò pariwo. Mo wọlé, mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo gba ilé ìdáná jáde, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà, mo sì wọ ọkọ̀ Òmùpo.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni olórí ilé wa báyìí. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń ta iṣu. Ó rí mi pẹ̀lú báàgì, ó ní kí n jókòó, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì wá.

"Àbúrò mi, ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Rárá, Bọ̀dá."

"Ó gbé obìnrin wọlé?"

"Rárá o."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ilẹ̀kùn ló ń kàn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu.

"Ilẹ̀kùn ta ni?"

"Ilẹ̀kùn ilé wa."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Ó ní, "Obìnrin sá wálé nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́! Ọlọ́run, o tóbi." Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Mo wá sọ ti ìkòkò.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ìkòkò wo? Ìkòkò ìyá wa?" Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe ọkọ mi. "Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa kan ilẹ̀kùn tó bá wù yín, kò kàn mí. Ìkòkò yẹn ńkọ́?" Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀ lódìkejì. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ òkú ìyá wa. Kò ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi.

Mo dúró níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ń sùn dáadáa. Mo ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé bí ọmọ èèyàn. Àmọ́ lójoojúmọ́ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ìtàn náà fún ẹni tó bá wá ra iṣu, wọ́n á wá yọjú wò mí, wọ́n á ní, "Ṣé òun nìyí?" Èyí sú mi ju ti ilé lọ. Mo padà.

Mo bá ilé ìdáná ní gbígbá. Ìkòkò tuntun kan wà lórí àdògán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń dán, tí èèyàn lè fi ìka kan gbé. Ọkọ mi dúró tì í, ó ń dúró de ohun tí n ó sọ. Mo wọ pálọ̀. Férémù ilẹ̀kùn náà ti dúró, ó fá a débi pé ojú rẹ̀ ń dán bí awọ ara. Gíláàsì wà lórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

"N ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí o ti lọ," ni ó wí.

"Kí ló dé?"

"Kò sí ẹni tí yóò bá mi di òdìkejì mú."

Mo ti rò pé yóò sọ pé àárò mi sọ òun. Òdìkejì gíláàsì ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ní Sátidé, mo bá a dì í mú. Kí n lè rí tábìlì mi lò ni mo fi ṣe é, kì í ṣe ìfẹ́ iṣẹ́ náà. A ṣí gbogbo fèrèsé, a fi aṣọ di imú. Òun yóò ki ègé gíláàsì bọ inú òjé, èmi yóò fi ọwọ́ méjèèjì tì í kó má baà yẹ̀, òun yóò fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá mí, á ní, "Má mì." Gíláàsì gé mi ní àtàǹpàkò, ọkọ mi fi aṣọ so ó, ó ní, "Jọ̀ọ́, tún dì í mú." Ẹ̀yìn ń dùn mí. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bi í ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mo rò pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀, bóyá ohun tó rí nígbà èwe rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ́ ni ó jẹ́.

"Bàbá wọn, kí lẹ rí lára gíláàsì yìí gan-an?"

"Ó dára ni."

"Ó dára. Ó tán?"

Ó gbójú sókè, ó yà á lẹ́nu. "Ṣé kò tó ni?"

Mo wá èsì. Mo ṣì ń wá a. Ẹni tó bá rí i kó bá mi fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn àna wa ń bọ̀ ni a gbé ilẹ̀kùn náà dúró. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́rin fi ń kérora lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ àgbékọ́, kò tì. Ó kan òkè, ó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. A pe bíríkìlà.

"Ògiri mi kò wọ́," ni ó wí. "Ilẹ̀kùn ló wọ́."

Ọkọ mi mú okùn tí wọ́n so irin mọ́, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo wa rí i pé ògiri ló wọ́. Bíríkìlà wò ó, ó ní atẹ́gùn ló ń ti okùn. Kò sí atẹ́gùn kankan. Wọ́n jọ jiyàn títí oúnjẹ mi fi tutù. Níkẹyìn wọ́n gbẹ́ ògiri díẹ̀, wọ́n fá igi díẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wọ àyè rẹ̀, ó dún gbì bí àgbàlagbà tó jókòó. Mo ṣí i. Mo tì í. Mo tún ṣí i. Mo jáde, mo gba iwájú ilé mi wọlé, mo sì rí i pé omi ti dé ojú mi. Mo bi ọkọ mi bóyá iṣẹ́ ti parí. Ó ní ó ku kí òun fi fáníìṣì kun etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé kò ju iṣẹ́ kékeré lọ, pé ó di Mọ́ńdè.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú.

Ní àárọ̀ Sátidé, ilẹ̀kùn kò ṣí. Igi ti mu omi láti ìsàlẹ̀ níbi tí kò kùn, ó wú, ó sì há mọ́ inú férémù. Ọkọ mi fi èjìká tì í. Èmi náà fi tèmi tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Èsìẹ́, tó ti dé láti bá wa se oúnjẹ, fi ìdí tì í. Kò mì. A kò sì gbọdọ̀ lù ú nítorí gíláàsì. Bí a ṣe wà níbẹ̀ tí a ń làágùn, mọ́tò dúró níta.

Inú gíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn àna wa. Bàbá ọmọkùnrin náà gba ibi ewé igi kọjá, ó di aláwọ̀ ewé láti fìlà dé bàtà. Ìyàwó rẹ̀ dúró síbi òdòdó, òun di àwọ̀ oyin. Wọ́n ń gbé orí lọ, wọ́n ń gbé orí bọ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn náà. Ọmọkùnrin wọn yọ fóònù, ó ń yà á. Ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́yìn wọn. Ó mọ̀ mí, ó mọ bàbá rẹ̀, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó di ojú.

"Àsàláámú àléékúmù!" ni bàbá náà kí wa láti òde. "Ilẹ̀kùn yìí dára o! Ẹ ṣí i fún wa!"

"Wà àléékúmù sàláámù," ni mo dáhùn, èjìká mi ṣì wà lára igi. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́... ẹ bá wa fà á."

Bàbá náà fà á láti òde, àwa náà ń tì í láti inú. Ó fi fìlà rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó tún fà á. Rárá.

Bí àwọn àna mi ará Ìlọrin, tí wọ́n wọ léèsì wá, ṣe gba ilé ìdáná mi wọlé nìyẹn. Abẹ́ okùn ìsáṣọ. Ẹ̀gbẹ́ igi ìdáná. Ìyá ọmọkùnrin náà gbé aṣọ rẹ̀ sókè kọjá omi tí a fi fọ ẹran. Mo tẹ̀lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ tò lẹ́nu mi mọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Alihamdulilahi," ni ó wí. "Ibi tí oúnjẹ wà la gbà wọlé. Kí ló tún kù?"

Obìnrin rere ni. Mo mọ̀ láti ìgbà yẹn pé ọmọ mi bọ́ sí ilé rere, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di òní. A jókòó, a jẹun, a sọ̀rọ̀, a ṣe àdúrà ní ọ̀nà tiwọn àti ní ọ̀nà ọkọ mi tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ṣùgbọ́n gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ojú bàbá náà kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Níkẹyìn ó yíjú sí ọkọ mi.

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni wọ́n ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji."

"Máṣáálà. Igi ọsàn yẹn dára púpọ̀."

Ojú ọkọ mi! Mo tẹ orí ba, mo ń ṣa àwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin húkọ́. Ọkọ mi la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, sà."

Nígbà tí wọ́n lọ, tí wọ́n tún gba ilé ìdáná jáde, mo sọ gbogbo èyí tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà pákó àkọ́kọ́. Mo sọ ti ewúrẹ́. Mo sọ ti hẹdimásítà. Mo sọ ti obìnrin òyìnbó inú fóònù. Mo wá sọ ti ìkòkò ìyá mi. Ọkọ mi jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá mi lẹ́nu. Ẹ̀yìn náà ló sọ ohun tí kò tíì sọ láti ọjọ́ náà.

"Mo ṣẹ̀ ọ́ lórí ìkòkò yẹn. Kò sí ohun tí mo lè rà dípò rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. N kò ní ó ti tán, nítorí pé kò tíì tán. Ó dìde, ó lọ mú ìfági rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ àlejò rẹ̀, ó ń wá ibi tí igi ti há.

Láti ìgbà náà, a ti mọ ìwà ilẹ̀kùn yìí. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń súnkì, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì máa súfèé. Lásìkò òjò, a ní láti fi èjìká bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kùn ún tán nísàlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń mú àlejò wá wò ó, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ ra á, èmi náà ló sì ń nu ipa ìka wọn kúrò lára gíláàsì.

Apá ìlà-oòrùn ni iwájú ilé wa kọjú sí. Bí mo bá ń múra ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, oòrùn a máa gba inú igi náà kọjá, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ oyin á tẹ́ sílẹ̀ ní pálọ̀, á dé ẹsẹ̀ àga, á gun ògiri díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró wò ó, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, títí n ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ lẹ́yìn. Ọkọ mi kì í tíì jí nígbà náà. N kò sì tíì sọ fún un.